Fóònù Ìyàwó Mi

Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, já wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Kò kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá, ta ló ń lo fóònù Màámi?”

“Èmi ni.”

“Ẹ kú iṣẹ́! Gbogbo ẹbí ló ń pè mí láti àárọ̀. Wọ́n ní àwọn rí Màámi lórí Wásáàpù. Ẹ̀rù mú Àǹtí, àbúrò Màámi, ju fóònù tiwọn sínú ìkòkò ọbẹ̀!”

“Ṣé ọbẹ̀ náà ṣì ṣe é jẹ?”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. “Ẹ gbé e wá. Mo fẹ́ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́.”

N kò gbé e fún un.

Oṣù kejì rèé tí ìyá wọn ti lọ. Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn ni. Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, yóò jókòó sójú fèrèsé, yóò máa bá ẹbí sọ̀rọ̀ lórí fóònù: ẹni tó bímọ, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Káfíńtà ni èmi. Ìsinmi tèmi ni kí n máa fá igi tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí níṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú, mo ń ṣí fóònù rẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn tó gbà sílẹ̀. Mo rò pé bíi rédíò ni. N kò mọ̀ pé fóònù a máa sọ fáráyé pé olówó rẹ̀ wà nítòsí.

“Ẹ̀yin tí ẹ kì í fèsì sí ọ̀rọ̀ ẹbí,” ni ọmọ mi wí. “A rò pé ọ̀rọ̀ wa ò kàn yín ni.”

“Mo máa ń gbọ́ yín láti yàrá iṣẹ́. Ìyá yín ló máa ń fèsì fún àwa méjèèjì.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo tẹ ọ̀kan nínú ohùn ìyá rẹ̀ fún un.

“Ẹ bá mi wo bàbá wọn,” ni ohùn náà wí, “ó ti kó sí yàrá iṣẹ́ bí ìgbín sínú ìkarahun. Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, inú rẹ̀ ń dùn níbẹ̀.”

Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó gba fóònù tèmi, ó fi mí sínú ẹgbẹ́ ẹbí lórí Wásáàpù. “Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni.”

Mo gbé e sẹ́nu. “Èmi ni. Ẹ má bẹ̀rù. Ohùn ìyàwó mi ni mò ń gbọ́ nínú fóònù rẹ̀.”

Mo na fóònù ìyá rẹ̀ sí i nígbà náà, kó ṣe é bó ti fẹ́. Ó kọ̀ ọ́, ó bọ́ bàtà rẹ̀.

“Ẹ tẹ òmíràn,” ló wí.