Ìdánwò Ọ̀gá Suara Kì í Kùnà

Ọ̀gá Suara ní kí n tún ogójì ìdánwò páìpù tí wọ́n kọ tò. Inú kọ̀ǹpútà ni páìpù yìí wà o: ètò kan á da ọ̀rọ̀ sí i, òmíràn á gbà á lẹ́nu kejì; ìdánwò ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìdánwò náà ló yege. Ara fu mí. Mo pa páìpù rẹ́ pátápátá, mo tún gbé àwọn ìdánwò náà ṣe. Ogójì ṣì yege! Òǹtajà Computer Village pàápàá á fi ṣájà síná kó tó búra pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo fìbínú pe ọ̀gá: "Sà, mo ti yọ páìpù kúrò, ẹ wò ó!"

Wọ́n wò ó, orí wọn wú.

"Damaris, ṣó o rí i? Ìdánwò tí mo bá kọ, bí páìpù ò tiẹ̀ sí, á yege ni."