Ìwé Tí Kò Gbọdọ̀ Dọ̀tí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí obìnrin ṣe ń lágídí, kó lọ béèrè lọ́wọ́ Dàpọ̀, ọkọ Ọmọ́bọ́lá. Òun ló ń wa ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé gbogbo tí ìyàwó rẹ̀ fi ń yà níwájú ilé onílé, láti àdúgbò Sharpstown títí dé Mission Bend nílùú òyìnbó tí wọ́n ń gbé, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń kó ẹrù àlòkù wọn síta fún títà. Àwọn ẹlòmíràn ń ra àga, wọ́n ń ra fáànù. Ìwé ọmọdé ni Ọmọ́bọ́lá ń ṣà ní tirẹ̀. Dàpọ̀, tó ti fi ọjọ́ márùn-ún gbáko fa èéfín ilé ìfọpo Deer Park símú níbi iṣẹ́, á jókòó sínú ọkọ̀, á máa wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń fẹ́ eruku kúrò lára ìwé bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀wà.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Southwest Freeway ni Ọmọ́bọ́lá ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Ọdún 1986 ni. Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ní: ọmọ Mexico, ọmọ Vietnam, ọmọ adúláwọ̀, ọmọ òyìnbó mẹ́ta, àti ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Ẹ̀bùn. Wọ́n mọ ìwé kà o. Bí tíṣà bá ní kí wọ́n kà, wọ́n á kà. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá ti yíjú báyìí, wọ́n ti pa ìwé dé nìyẹn. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó ń fi ìfẹ́ kàwé, ọ̀rọ̀ náà sì dun Ọmọ́bọ́lá dọ́kàn.

Ìdí nìyẹn tó fi kó ìwé ogóje jọ, tó gbé ṣẹ́ẹ̀fù kalẹ̀ sí igun kíláàsì lábẹ́ fèrèsé, tó sì ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí kálukú mú ìwé tó wù ú kó kà. Pírínsípà wọn, Mísíìsì Pruitt, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, gbà fún un, ṣùgbọ́n ó fi gbèdéke sí i. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ń bọ̀ lóṣù Kẹta, igun yẹn gan-an ló sì ti wò fún wọn.

"Mo máa wá ní Thursday tó ṣáájú ìsinmi oṣù Kẹta," ló wí. "Bí mo bá rí i pé àwọn ọmọ ń kàwé ní tòótọ́, igun di tìrẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ìwé rẹ lọ sílé."

Ọmọ́bọ́lá ní kò burú. Ó ti pinnu pé igun yẹn ò ní bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ṣé ẹ mọ̀ pé bí a ṣe tọ́ni náà la ṣe ń tọ́mọ. Ọmọ hẹ́dímásítà ni Ọmọ́bọ́lá, ní Iléṣà. Nílé baba rẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni ìwé ń gbé, àpò baba sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ìwé á kọ́kọ́ fọ ọwọ́, á nù ún gbẹ, á wá jókòó, á na ẹ̀yìn ṣánṣán. Nítorí náà, gbogbo ìsinmi Kérésì ló fi gé àwọn àpò bébà búráùn tí wọ́n fi ń di ọjà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ó fi wọ́n bo gbogbo ìwé náà lẹ́yìn lójú, ó sì kọ nọ́ńbà sára wọn láti orí oókan dórí ogóje. Ó wá lẹ òfin mọ́ ògiri: fọ ọwọ́, jókòó dáadáa, má ṣẹ́ etí ìwé, ìwé kò gbọdọ̀ dọ̀tí, ìwé kò gbọdọ̀ jáde ní kíláàsì.

Dàpọ̀ wò ó títí. "Ọmọ́bọ́lá, gbogbo wọn mà ti jọra bíi bíríkì. Báwo lọmọ ṣe máa mọ èyí tó wù ú?"

"Wọ́n á ṣí i wò ni."

"Hẹ̀n-ẹn. Mo gbọ́."

Oṣù Kìíní kọjá, oṣù Kejì ń lọ. Àwọn ọmọ á tò síbi omi, wọ́n á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá fọ ọwọ́, wọ́n á da omi síra wọn lára. Wọ́n á fa bébà búráùn kan yọ, wọ́n á ṣí i bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ojú wọn á sì wà lára aago. Ọmọ́bọ́lá rò pé òun ò tíì le tó ni. Ó fi òfin mìíràn kún òfin. Ó ní ẹni tó bá ka ìwé tán máa gba ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà. Ni wọ́n bá ń ṣa èyí tó tín-ín-rín jù. Ohun tí a bá fi agbára mú, líle ló ń le, tiwọn náà sì le. Ó wá ku ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ọjọ́ Monday kan, nọ́ńbà méjìlélọ́gọ́ta di àwátì. Ọmọ́bọ́lá béèrè lọ́wọ́ kíláàsì. Ó wò lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀fù, ó wò lábẹ́ tábìlì, kò rí i. Inú bí i, nítorí nínú gbogbo òfin tó ṣe, èyí tó ní kí ìwé má jáde ló jẹ ẹ́ lógún jù.

Láàárọ̀ Wednesday, kí bẹ́ẹ̀lì tó lù, Màmá Ẹ̀bùn wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ó fi ọwọ́ kan di ọmọ rẹ̀ mú, ó fi èkejì gbé ọ̀rá dání. Bó ṣe rí Ọmọ́bọ́lá ló kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ ma. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ wá wo nǹkan tí ọmọ yìí ṣe. Ó gbé ìwé school lọ sílé without permission!"

Ó fa ìwé náà yọ. Bébà búráùn ti fò lọ. Àwòrán ajá kan tó dúró nínú ọkọ̀ ojú omi wà níwájú rẹ̀, àmì ìka mẹ́rin tó kún fún epo pupa sì wà lára ajá náà. Omi ti mú kí ìdajì ojú ewé rẹ̀ wú.

"Inú bathtub ló ti kà á, ma. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ó tún fi pamọ́ sábẹ́ table. Mo gbé e sórí fridge, ó gbé àga, ó gùn ún. Nínú car, lórí freeway, kò gbójú sókè. Three times ló ti kà á tán! Ẹ bá mi nà án, ma. Kódà kí principal fi paddle, igi ìnàmọ rẹ̀, nà án."

 Ẹ̀jẹ̀ hẹ́dímásítà gun Ọmọ́bọ́lá. "Ẹ̀bùn, ta ló ní kó o ya bébà tí mo fi bò ó?"

Ẹ̀bùn ò gbójú sókè. "Sorry, ma. Mo fẹ́ rí ajá yẹn ni. Nínú ìwé, ẹ̀rù ti ń bà á. Èyí tó wà níta yìí, ẹ̀rù ò tíì bà á."

Ọmọ́bọ́lá gba ìwé náà. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo ṣẹ́ẹ̀fù. Mọ́kàndínlógóje ló dúró sójú kan níbẹ̀, wọ́n mọ́ tónítóní, kò sí ẹni tó kà wọ́n. Ẹyọ kan tó dọ̀tí yìí nìkan ni wọ́n kà. Ojú tì í gidigidi, torí ó mọ ẹni tó bo ìwé mọ́ àwọn ọmọ náà lójú.

"Ẹ dìde, Màmá Ẹ̀bùn. A ò ní nà án."

"Há, Àǹtí! Ẹ máa bà á jẹ́ o."

"Ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú. Ẹ jẹ́ kó kà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ní kí àwọn ọmọ bọ́ gbogbo bébà náà kúrò. Kíláàsì di ariwo, "Wò ó! Wo tèmi!" lọ́tùn-ún lósì. Ẹ má rò pé kò dùn ún o. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ló ń fà ya lójú rẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n Ọmọ́bọ́lá tó lágídí láti bò wọ́n náà ló lágídí láti ṣí wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló já òfin kúrò lára ògiri. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kàwé kó dọ̀bálẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sílé kó gbé e lọ, ẹni tó bá ń dúró de ìwé kan kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìwé ń padà bọ̀ pẹ̀lú jáàmù, pẹ̀lú ata, pẹ̀lú ojú eyín ọmọ ọwọ́ létí. Méjì ò padà rárá. Bó bá ti rí àbààwọ́n kan, á fi ìka nù ún, á sì gbé ìwé náà padà sáyè rẹ̀.

Ọjọ́ Thursday tí pírínsípà dá pé. Mísíìsì Pruitt wọlé, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò dání. Ohun tó rí kò dára lójú: ìwé jákujàku káàkiri ilẹ̀, ọmọ lábẹ́ tábìlì, ọmọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bàtà lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀bùn tó dojú bolẹ̀ ti ìwé mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́.

"Jẹ́ kí n wò ó."

Ẹ̀bùn gbá ìwé mọ́ àyà. "Ẹ jọ̀ọ́ ma, mi ò tíì parí ẹ̀."

 Ọmọ Yorùbá, àgbàlagbà na ọwọ́ sí i, ó ní òun ò fún un! Bí wọ́n ṣe tọ́ Ọmọ́bọ́lá nílé ní kó pariwo pé, "Kó o fún wọn kíákíá!" Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí òun fẹ́ dá lọ́wọ́ kọ́ yìí ló ni àṣẹ lórí igun náà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Mísíìsì Pruitt," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè é."

Pírínsípà wò ó. Ó wo kíláàsì. Kò sí ọmọ kan tó gbójú sókè láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó fa àga kékeré kan, ó jókòó, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ẹ̀bùn ṣí ìwé padà. Nígbà tó yá, obìnrin náà rọra tẹ orí, ó ń wo ojú ewé láti èjìká ọmọ náà.

"Ṣí ojú ewé tó kàn," ló wí.

"Mi ò tíì dé ìsàlẹ̀, ma."

Mísíìsì Pruitt fi bírò rẹ̀ sápò, ó dúró dè é.

Nígbà tí bẹ́ẹ̀lì lù, ó dìde, ó na aṣọ rẹ̀. Ó ní òun á wá ibòmíràn fún kọ̀ǹpútà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì yíjú padà.

"Ìwé tó wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ta ló kàn?"

"Jorge ló kàn," ni Ọmọ́bọ́lá fèsì, "lẹ́yìn náà, Lan."

"Kọ orúkọ mi tẹ̀lé ti Lan."

Ọmọ́bọ́lá kọ ọ́.