Mo-ti-mọ̀ àti Bíríkìlà

Olùkọ́ wa gbà pé bí òun bá ti wo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, òun ti rí ìdí ọkàn rẹ̀. Mo-ti-mọ̀ là ń pè é lẹ́yìn, torí kò sẹ́ni tó parí ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ rí. Òun ló sì ń kọ́ wa bí a ṣe ń gba ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dà láàmú nímọ̀ràn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti kọ ọ́ sójú pátákó pé etí niṣẹ́ wa. Ẹni tó ní òun ó dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú bíríkìlà kan wá sí kíláàsì, ká lè rí bí wọ́n ṣe ń gbani nímọ̀ràn. Ó jókòó sétí àga, ó ń ha símẹ́ǹtì kúrò lábẹ́ èékánná.

"Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, sà. Bí mo bá ti gun àkàbà..."

"Ẹ̀rù ibi gíga," ni Mo-ti-mọ̀ wí.

"Rárá, sà. Ogún ọdún ni mo ti ń gùn ún. Láti ìgbà tí..."

"Bàbá yín le mọ́ yín ní kékeré, àbí?"

"Bàbá mi? Bàbá mi ò le mọ́ adìyẹ pàápàá."

A rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkùnrin náà ń sá fún òótọ́. Ó wá kẹ̀yìn sí i, ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ìgbà tí fóònù rẹ̀ dún ló tó bọ́ síta.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà láàrin wa. Ó fa àga sún mọ́ ọkùnrin náà.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá bíríkìlà. Láti ìgbà wo, lẹ ń wí?"

Ó tún ń ha èékánná rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dúró dè é.

"Láti ìgbà tí àbúrò mi já bọ́ lórí àkàbà, tó kú. Èmi ni mo di àkàbà náà mú, màmá."

Ó bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì ò kúrò níbẹ̀.

Mo-ti-mọ̀ wọlé, ó rí omijé, ó mi orí. "Ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ bàbá tí mo béèrè ló ṣí i."

Ó fi ìyẹn ṣe ìbéèrè ìdánwò: kí ló ṣí ọkàn bíríkìlà? Nọ́ọ̀sì kọ òótọ́, ó sì fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni bíríkìlà ń wá bá a ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó di oṣù kẹta tó ti ń wá, ó gun ìgbésẹ̀ méjì lórí àkàbà, ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.