Rọ́bà Tó Kọjú Sókè

Láti àárọ̀ ni Bàbá ti fẹ̀yìn ti àga ní ẹ̀yìnkùlé, tó ń wo bí ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣe ń fi alùpùpù àlòkù ṣeré ọmọdé. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni Bàbá fi ṣe mẹkáníìkì kó tó wá fẹ̀yìn tì sílé ọmọ. Akọ̀wé ni àna rẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ìṣojú Bàbá ló ti ní òun ò ní gbé alùpùpù ìyàwó òun fún mẹkáníìkì kankan, pé olè ni gbogbo wọn.  Bàbá kàn pinnu pé àfi kí Akọ̀wé wá dọ̀bálẹ̀ bẹ òun kí òun tó la ẹnu.

Iṣẹ́ ọ̀hún, yẹ̀yẹ́ gbáà ni. Akọ̀wé tú ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì, ó to irinṣẹ́ sórí aṣọ funfun bíi dókítà, ó ń wo fóònù, ó ń mi orí. Ta ló fẹ́ tàn? Nígbà tó kan rọ́bà tuntun tó ń dá ọ́ìlì dúró, ó dojú méjèèjì kọ òkè. Ìsàlẹ̀ lẹnu rọ́bà yẹn máa ń kọjú sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ́ìlì á tú jáde, á ṣàn sórí bíréèkì. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ fọ́jọ́ mẹ́ta péré ò jẹ́ ṣe é. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ti Bàbá yìí, kó wọ́ kó já ló ń retí. Ó ti ń rí Akọ̀wé lọ́kàn, tó ń gùn ún wò, tí ọ́ìlì bà á ní ṣòkòtò láàárín àdúgbò.

Àṣé ẹlòmíì ló máa kọ́kọ́ gùn ún. Bí Akọ̀wé ṣe dè é padà tán, ọmọ Bàbá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, sáré jáde nínú aṣọ iṣẹ́. Wọ́n ti pè é láti ilé ìwòsàn. Ó ní ọkọ òun kú iṣẹ́, ó gun alùpùpù, ó ṣáná sí i. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ̀nà ibẹ̀ dà sísàlẹ̀ títí dé ìkòríta táwọn ọkọ̀ ńlá ti ń kọjá.  Síbẹ̀ Bàbá jẹ́ kó dé ẹnu géètì kó tó kígbe.

"Sọ̀ kalẹ̀! Ó ti dojú rọ́bà yẹn dé. O ò ní ní bíréèkì."

Ọmọ náà pa ẹ́ńjìnnì, ó tẹ iwájú alùpùpù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ́ìlì yọ. Akọ̀wé ò lè gbójú sókè, ṣùgbọ́n òun kọ́ nìyàwó rẹ̀ ń wò.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ ti rí i?"

Bàbá wá irọ́ tó lè pa, kò rí.

"Láti àárọ̀."

Ọmọ náà dágbére fún ọkọ rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Kò dágbére fún Bàbá.