Pọ́ọ̀ǹpù Oníná tí Lyle Fi Sínú Henrietta

Ọ̀fẹ́ kò sí láyé yìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tún àwọn ọkọ̀ ńláńlá ṣe níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà nílẹ̀, n kò rí ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ rí. Nítorí náà, nígbà tí Lyle Tankersley, aládùúgbò wa, dúró sẹ́nu gáréèjì mi tó ní òun máa fi pọ́ọ̀ǹpù omi oníná sínú ọkọ̀ mi láìgba sẹ́ǹtì kan, mo bi ara mi pé: kí ni ọkùnrin yìí ń wá gan-an?

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bẹ̀ mí kí n ta Henrietta fún òun. Henrietta ni Verna, ìyàwó mi, sọ ọkọ̀ náà lọ́dún tí a fẹ́ra. Ọdún 1956 ni wọ́n ṣe é, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo ní rárá. Ẹni tí mo lé lẹ́ẹ̀mẹta wá di áńgẹ́lì lójijì? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Verna ló lọ pè é. Ojú Verna ń lọ. Dókítà ní Tucson ti sọ fún un pé kó tó di ìgbà òtútù, kò ní lè dá ojú ènìyàn mọ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló wá bèèrè lọ́wọ́ mi: kí n gbé òun gun Òkè Lemmon nínú Henrietta, bí mo ti gbé e lọ lọ́jọ́ tí mo ní kó fẹ́ mi, kó lè rí gbogbo ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn láti òkè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Oṣù Keje la sì wà, ooru wa kì í ṣeré. Bẹ́líìtì ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù àtijọ́ tó ń fi omi tu ẹ́ńjìnnì Henrietta lára. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí, pọ́ọ̀ǹpù náà á máa rọra yí, omi ò sì ní rìn. Ká kàn há sẹ́yìn àwọn oníkẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà òkè yẹn, ó tán, ó ti hó nìyẹn. Pọ́ọ̀ǹpù oníná kò ní í ṣe pẹ̀lú eré ẹ́ńjìnnì, bátìrì ló ń lò.

Mo ní ká dúró di oṣù Kọkànlá tí ooru bá ti rọlẹ̀.

"Orville," ni Verna wí, "ṣé kí n wá máa fọwọ́ pa òkè náà kí n tó mọ̀ ọ́n ni?"

Mo gbà. Lyle gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ Ajé.

Mo gbé àga síbẹ̀, mo ń ṣọ́ ọ. Ó yọ abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ọ̀ǹpù àtijọ́, ó de tuntun mọ́ họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀, ó fa wáyà wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì gbé àpótí kékeré kan tó ń darí pọ́ọ̀ǹpù náà kọ́ síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, n kò ní purọ́. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Nígbà tó yá ó tú ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ó fa tẹmositáàtì jáde, ìlẹ̀kùn kékeré tó máa ń dá omi dúró títí á fi gbóná.

"Lyle! Kí lo yọ ìyẹn fún?"

"A ò nílò rẹ̀ mọ́, Orville."

"A ò nílò kí ni?"

"Ẹ wò ó." Ó fi sípánà tọ́ka. "Ojú tó ń wo bí omi ṣe gbóná, inú họ́ọ̀sì òkè níbí ló wà. Tí ìlẹ̀kùn yìí bá padé, omi gbígbóná ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, omi tútù nìkan ni yóò máa rí, á wá ní kí pọ́ọ̀ǹpù lọ sùn. Ẹ́ńjìnnì á sì ti máa jóná."

"Ìwọ ọmọdé yìí lo fẹ́ kọ́ mi ní ẹ́ńjìnnì?"

"Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Orville."

"Ọmọdé náà ni ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Inú bí mi sí ẹ̀rín yẹn. Láti kékeré ni bàbá mi ti kọ́ mi pé ẹni tó bá yọ tẹmositáàtì, ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ pa. Àbí, tí mo bá fẹ́ kí ọkọ̀ arúgbó kan sú u kó tà á ní ọ̀pọ̀, kí ni èmi náà ì bá yọ? Nígbà tí mo wọlé lọ mumi lẹ́yìn náà, mo bá Lyle àti Verna ní kíṣìnì, wọ́n ń jẹ páì, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe yọjú, wọ́n dákẹ́.

"Kí lẹ ń sọ?"

"Ọ̀rọ̀ rẹ ni," ni Verna dá mi lóhùn, kò tiẹ̀ fi bò.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Lyle tan Henrietta fún wákàtí kan nínú oòrùn. Gééjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn dúró sójú kan, kò mira. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́. Èmi ní lọ́kàn mi pé bẹ́ẹ̀ ni oníjìbìtì ṣe ń ṣe: á ṣiṣẹ́ lónìí lójú rẹ, á kú lọ́la lórí òkè. Nígbà tí Lyle lọ jẹun ọ̀sán, tí Verna sì sùn, mo wá tẹmositáàtì àtijọ́ kan nínú agolo abẹ́ tábìlì mi. Bóòtù méjì péré ló di ìdérí orí ẹ́ńjìnnì mú. Mo fi sí i, mo dé e, mo nu ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ Àìkú a gbéra. Lyle ń tẹ̀ lé wa nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé igún ti ń bọ̀ wá jẹ òkú. Verna yọ orí síta fèrèsé, irun rẹ̀ ń fẹ́, ó ń béèrè àwọ̀ àpáta kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn débi pé mo kọrin.

A dé ìdajì òkè, a há sẹ́yìn àwọn oníkẹ̀kẹ́. Àpótí kékeré abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní omi tutù. Gééjì àtijọ́ ní ó ti wọ pupa. Kí n tó mọ èyí tí mo máa gbà gbọ́, nǹkan dún gbì, èéfín funfun bo gíláàsì iwájú. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí mo fa ọ̀pá òróró ẹ́ńjìnnì wò, òróró ti pò mọ́ omi, ó funfun bíi wàrà. Henrietta ti lọ.

Lyle dúró kó tutù, ó tú bóòtù méjì yẹn. Ó rí i. Ó wò mí. Mo gbójú sí àpáta.

"Lyle, kí ló ṣe é?" Verna ló ń béèrè láti inú ọkọ̀.

Lyle ki tẹmositáàtì náà bọ àpò. "Ẹ̀bi mi ni, màdáámù. N kò parí iṣẹ́ náà dáadáa."

Láti ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ kí Verna bú ènìyàn rí. Ó bú u lọ́jọ́ náà. Ó ní Lyle ti gba ohun kan ṣoṣo tó kù fún òun, kó má tẹ ilé wa mọ́. Lyle kàn dorí kodò, ó ń nu sípánà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ojú tì mí dé eegun.

"Verna, èmi ni," mo ní. "Mo dá tẹmositáàtì padà síbẹ̀. Mo rò pé Lyle fẹ́ ba Henrietta jẹ́ kí n lè tà á fún un ni."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Èmi ni mo bẹ Lyle, Orville. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ tó gbà, ṣé olè nìyẹn?" Ó ṣílẹ̀kùn, ó ń fọwọ́ wá ọ̀nà. "Lyle, má bínú sí mi, jọ̀ọ́. Ṣé ọkọ̀ tìẹ lè dókè?"

"Á dé, màdáámù."

"Gbé mi lọ."

Mo dìde láti tẹ̀ lé wọn.

"Rárá," ló wí. "Ìwọ tó o mọ ènìyàn ṣọ́, jókòó kó o ṣọ́ ọkọ̀."

Mo ṣọ́ ọ fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà, imú Verna pọ́n, ó ti sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Oṣù Kọkànlá la wà yìí, ojú rẹ̀ ti lọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló rí lókè lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ Lyle. N kò tíì lè lọ.