Yúríà Tí A Kò Bò

Kó kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mò ń wò ó láti ojú fèrèsé yàrá kẹ́mísìrì yìí, n ò sì ní sọ pé kó dìde. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Látífàt, ọmọ Àbúdù àgbẹ̀... kí ni mo tiẹ̀ ṣe fún ọmọ yìí?

Lẹ́tà ló wà níwájú mi, sí ọ̀gá ilé-ìwé: kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ó ku kí n fọwọ́ sí i. N ó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kọ́ gidi ni mo kọ́ wọn láàárọ̀ yìí. Mo ní ajílẹ̀ òyìnbó tó bá ju ohun tí irúgbìn lè jẹ lọ, kòkòrò tójú ò rí a sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di afẹ́fẹ́ kan, afẹ́fẹ́ náà a gòkè, a ká ooru mọ́ ayé lórí bí ìbora lára aláìsàn ibà. Mo ní èyí tí a kò bá bò mọ́lẹ̀ ń fò lọ di amónía, ibi tó bá sì já sí, ọ̀nà kan náà ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gbà. Mo wá bú àwọn àgbẹ̀ — àwọn púrúǹtù tó ń da yúríà sílẹ̀ yàlàyàlà. Látífàt ló nawọ́.

"Sà, èyí tá a fọ́n sóko yín ní Jímọ̀ ńkọ́? A ò bò ó."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi! Ọdún mọ́kàndínlógún nídìí ṣọ́ọ̀kì...

Gbogbo tíṣà ló ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sóko ní Jímọ̀, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Òun náà ló ń fi ìdérí ìgò wọn yúríà lọ́jọ́ náà, ìdérí kan fún ìdí àgbàdo kan, ó ń gbẹ́ ihò, ó ń bò ó. "Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyí, sà." Mo ní ta ló bi ọ́ ní bàbá? Ẹ bù ú, ẹ fọ́n ọn, agogo ti fẹ́ lù! Wọ́n fọ́n àpò méjì gbáko.

Beatrice tó ń kọ́ wọn ní baọ́lọ́jì yọjú lẹ́ẹ̀kan. "Ọ̀gá, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kó lọ ulé." Inú ń bí mi. Ká ní irọ́ ni ọmọ náà pa, inú ì bá má bí mi tó báyìí —

Rárá. Ká fìyẹn sílẹ̀.

Àmọ́ òórùn yẹn... Lọ́jọ́ Ajé tí mo lọ wo oko, ó gún mi nímú, ojú ń ta mí. Mo ní ewúrẹ́ ló tọ̀ síbẹ̀. Ewúrẹ́! Ìgò amónía rèé lórí pákó. Ní táàmù tó kọjá, èmi ni mo ṣí i, mo ní kí wọ́n wá gbóòórùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Látífàt ló kọ́kọ́ wá. Ó sín, ó nu ojú. "Sà, n ò ní gbàgbé ẹ̀ láé." Mo ní ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, ibi yòówù kó o ti gbọ́ ọ, kó o dá a mọ̀.

Ó ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀. Bíìrò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò gbàgbé ohun tí mo kọ́ ọ... èmi ni mo gbàgbé.