Ojú Ìwé Kẹtàlélọ́gbọ̀n

Àwọn tó ń wá kàwé ní ilé ìkàwé yunifásítì ò mọ̀ pé yàrá kan wà lẹ́yìn. Wọ́n rò pé ìwé kàn ń dédé bọ́ sórí pẹpẹ ni, tòun ti nọ́mbà lẹ́yìn àti ọ̀rá lára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ti yunifásítì kan nílùú Solo, ibẹ̀ ni Rumiyati ti lo ayé rẹ̀. Òun ló ń tú ìwé tuntun kúrò nínú páálí, òun ló ń lu òǹtẹ̀ sí i, òun ló ń lẹ nọ́mbà mọ́ ọn lẹ́yìn, òun náà ló ń fi abẹ́rẹ́ rán èyí tó bá já. Yíǹkì òǹtẹ̀ ti wọ̀ ọ́ ní ìka débi pé ọṣẹ ò rí i ṣe mọ́.

Òǹtẹ̀ méjì ni wọ́n ń lù. Ìkíní wà níwájú ìwé níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i, olè tó bá sì gbọ́n lè fà á ya. Èkejì ni ti kọ̀rọ̀. Ojú ìwé kan wà tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ọ̀kan náà nínú gbogbo ìwé, nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ kékeré sí. Bí olè bá ya iwájú, tó họ nọ́mbà ẹ̀yìn kúrò, òǹtẹ̀ kékeré yẹn ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ̀ ọ́n, olùkọ́ ò mọ̀ ọ́n. Ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́ta ni, ẹni mẹ́ta péré ló sì mọ̀ ọ́n: Pak Harjono tó jẹ́ ọ̀gá àgbà, Rumiyati, àti Nastiti.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Nastiti. Ọdún kejìlá rèé tó ti dé yàrá ẹ̀yìn, láti máa tẹ orúkọ ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó dé, kò mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún nínú iṣẹ́ náà. Rumiyati ló kọ́ ọ. Rumiyati ò bímọ obìnrin, ó kàn sọ ọ́ di ọmọ. Lọ́sàn-án, Rumiyati á gbé tempe díńdín wá, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ṣe ní pẹlẹbẹ, Nastiti á gbé ìrẹsì àti ata sambal wá, wọ́n á jọ jẹ ẹ́ lórí tábìlì kan náà tí góòmù ti ya àwòrán sí. Bí wọ́n bá pe ìrun àyìlà, ẹní kan náà ni wọ́n ń tẹ́. Nígbà tí Nastiti bímọ, Rumiyati ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, kò jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́. Ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ni àwọn ará iwájú ń pè wọ́n, nítorí bí o bá rí ọ̀kan, èkejì ò jìnnà.

Nígbà náà ni olùkọ́ ìtàn kan, Pak Sutikno, gbé ìwé kan wọlé. Bàbá yìí ò lè kọjá ìwé àtijọ́, bí ológbò ò ṣe lè kọjá ẹja. Ó ti ra ìwé náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé lẹ́yìn pápá ìṣeré, ìwé àtijọ́ kan tó dá lórí aṣọ bátíìkì. Iwájú rẹ̀ ti ya, wọ́n sì ti họ ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwú búlúù ni wọ́n fi rán an, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń fi òwú búlúù rán ìwé ní gbogbo Solo àfi Rumiyati. Bàbá kó siga olóòórùn kànáfùrú rẹ̀ sápò, ó gbé ìwé náà fún ọ̀gá. Ọ̀gá ṣí i sí ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́ta. Kò bá a níbẹ̀. Wọ́n ti fi abẹ fẹ́lẹ́ gé e jáde, ó mọ́ tónítóní.

Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló wà. Pak Harjono mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ránṣẹ́ pe Nastiti sí ọ́fíìsì, òun nìkan.

Nígbà tó padà dé, Rumiyati ti ṣí igbá oúnjẹ.

"Kí lọ̀gá ń wá, Dik?" Rumiyati ń pè é ní Dik, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò níbẹ̀; Bu ni ìyá, Pak ni bàbá.

"Kò sí nǹkan kan, Bu. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹ mọ ọ̀gá, bí iná bá ṣẹ́jú, èmi ni wọ́n máa pè."

"Fa kọ̀ǹpútà náà lé e lọ́wọ́, kó máa fi ṣe tẹlifíṣọ̀n."

Nastiti rẹ́rìn-ín. Ó mú tempe, ó tún mú òmíràn. "Tòní yìí mà dùn o, Bu Rum. Kí lẹ fi sí i?"

"Ìfẹ́ ni. Jẹun, jàre."

Ó jẹun. Ẹ rántí pé ó jẹun.

Lẹ́yìn ìrun àyìlà ni wọ́n pe Rumiyati. Bó ti wọlé tó rí ìwé náà lórí tábìlì, inú rẹ̀ dùn. "Háà! Ìwé mi rèé! Pak, níbo lẹ ti rí i? Mo ti wá a títí, mo rò pé eku ló gbé e."

"Lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé lẹ́yìn pápá ni." Pak Harjono ṣí i, ó fi ibi tí wọ́n gé hàn án. "Àwọn mẹ́rin mìíràn tún wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe gé wọn náà nìyẹn. Wọ́n ní àwọn olówó Jakarta ló ń rà wọ́n. Bu Rum, ẹni mẹ́ta ló mọ ojú ìwé yìí. Èmi kọ́ ni mo gé e."

"Èmi náà kọ́, Pak."

"Ó wá ku ta ni?"

Rumiyati fò dìde lórí àga. "Nastiti? Ẹ gbà mí o! Pak, ẹ bú mi tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọmọ yẹn. Mo fi orí mi dúró fún un. Ẹ ń gbọ́? Orí mi yìí."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ gbójú sókè. "Ohun tí òun sọ nípa yín kọ́ nìyẹn, Bu. Ó ní ẹ máa ń gbé ìwé relé, pé abẹ́ aṣọ ìrun lẹ máa ń fi í sí nínú báàgì. Ó ní òun ì bá má sọ ọ́, nítorí ìyá lẹ jẹ́ fún òun."

Rumiyati jókòó padà. Òótọ́ ni, ó ń gbé ìwé relé. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn, iwájú ilé rẹ̀ láàárọ̀ ló ti máa ń rán àwọn tó já, á sì dá wọn padà. Ta ló sì ń fi alùpùpù gbé e relé, tí báàgì ìwé náà ń wà láàárín wọn? Nastiti ni. Ta ló ń sọ pé, "Bu, ẹ rọra mú ìwé wa dání o, kòtò ń bẹ níwájú"? Nastiti náà ni. Inú bí Rumiyati, ó sì dùn ún, ó dùn ún ju kí wọ́n pè é lólè lọ. Ọmọ náà ti ta á láàárọ̀, ó wá bá a jẹ tempe lọ́sàn-án, ó tiẹ̀ ní ó dùn.

"Ọdún kan ló kù kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì," ni Pak Harjono ń wí. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin ni, kẹ́ ẹ sì máa lọ sílé jẹ́ẹ́jẹ́. Mi ò ní pe ọlọ́pàá."

Kó máa lọ sílé jẹ́ẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí olè. Sí àdúgbò tí wọ́n ti ń ké sí i ní Bu Ilé Ìkàwé.

"Ẹ pè é wá," ni Rumiyati sọ.

Nastiti wọlé, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń wolẹ̀.

"Dik Nas, wo ojú mi. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, sọ ọ́. A ó jọ bẹ ọ̀gá ni."

"Bu, ẹ kàn gbà á kó tán," ni Nastiti wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Àgbàlagbà ni yín. Wọ́n á foríjì yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló la Rumiyati lójú. Ó fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó fọwọ́ pa á lára, ó sì rántí ìgbà tí ìwé náà wọlé. Ó ti pẹ́ gan-an. Bu Kusmirah olóògbé ni ọ̀gá nígbà yẹn, ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́ta ò sì tíì di nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ kan ló fìbínú lọ, Bu Kusmirah sì bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, ló bá yí ojú ìwé padà fún gbogbo ìwé tó bá wọlé lẹ́yìn náà. Ta ni yóò tún òǹtẹ̀ lù sí àwọn ti àtijọ́, tí wọ́n kún inú ilé? Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Èyí àtijọ́ yẹn," ni Bu Kusmirah sọ fún un, "jẹ́ kó kú sí wa nínú. Má sọ ọ́ fún ẹni tó bá dé lẹ́yìn mi." Rumiyati ò sì sọ ọ́. Ó tiẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé òun mọ̀ ọ́n.

Ó ṣí ìwé náà sí ojú ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n, ó sì yí i sí ọ̀gá. Nísàlẹ̀, ní kọ̀rọ̀, òǹtẹ̀ kékeré wà níbẹ̀. Ó ti ṣá, ṣùgbọ́n ó hàn.

"Pak, ibí ni òǹtẹ̀ àwọn ìwé àtijọ́ wà, láti ìgbà Bu Kusmirah. Kò sí nǹkan kan lójú ìwé tí wọ́n gé yìí rí. Ìwé lásán ni olè náà gé, kò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá mọ kẹtàlélọ́gbọ̀n, kí ló fẹ́ fi kẹtàdínláàádọ́ta ṣe?"

Ọ̀gá wò ó, ó wo òǹtẹ̀. "Ta ló tún mọ èyí?"

"Bu Kusmirah ti kú. Ó ku èmi nìkan."

"Ẹ ò sọ ọ́ fún mi!"

Nastiti ló kígbe. Kò wolẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ti dé ẹ̀bá tábìlì. "Ọdún méjìlá, Bu! Kí ni mi ò sọ fún yín? Ìjà èmi àti ọkọ mi, oyún mi tó bàjẹ́, ohun tí mi ò sọ fún ìyá tó bí mi! Ẹ ń pè mí lọ́mọ, ẹ sì fi ojú ìwé kan pamọ́ fún mi! Bí ẹ bá ti sọ ọ́ ni, ǹ bá ti..."

Ó sáré fọwọ́ bo ẹnu. Pak Harjono na ọwọ́, Nastiti sì yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn lọ́rùn, ó fi lé e lọ́wọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe mú olè. Ẹ má wulẹ̀ pàtẹ́wọ́. Rumiyati ò yọ̀. Ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó bá igbá tempe níbi tí wọ́n fi í sí, ó kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó jókòó tì í. Nínú gbogbo ohun tí Nastiti ṣe sí i, ariwo ìkẹyìn yẹn ló ń gún un jù. Ojú wo ni olè fi ń bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ han òun? Síbẹ̀, ó rántí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ Nastiti. Lọ́jọ́ náà, ó ku díẹ̀ kó sọ ti ojú ìwé àtijọ́ náà fún un, kí wọ́n jọ fi rẹ́rìn-ín, ahọ́n rẹ̀ sì fà sẹ́yìn. Ó sọ fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pé àṣẹ òkú lòun pa mọ́. Bóyá òótọ́ ni. Bóyá ohun kan nínú rẹ̀ ti mọ ọmọ náà ju bí òun ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá tún pè é. Ó ní ojú ìwé ti jáde sígboro, àfi kí wọ́n yan tuntun. Ó ní òun ń fi ọ̀rọ̀ náà lé Bu Rum lọ́wọ́, kó yan èyí tó bá wù ú, wọn ó sì wá ẹlòmíràn tí wọ́n á jọ máa ṣiṣẹ́.

"Ẹ yan án fúnra yín, Pak. Kẹ́ ẹ sì má sọ ọ́ fún mi."

Pak Harjono rò pé àwàdà ni. "Ta ni yóò wá máa lu òǹtẹ̀? Bu, kò sí ẹni tí mo fọkàn tán tó yín nínú ilé yìí."

"Àga yìí ni mo jókòó lé, Pak, tí mo fi orí mi dúró fún ẹnì kan." Rumiyati bọ́ kọ́kọ́rọ́ dùrọ́ọ̀ òǹtẹ̀ lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹ jẹ́ n máa rán ìwé. Òwú kì í bá èèyàn jẹun."

Ó padà sí yàrá ẹ̀yìn, ó mú abẹ́rẹ́. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó ṣí igbá oúnjẹ rẹ̀, ó sì rí i pé tempe ẹni méjì lòun tún dín.